Ta Ni Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Yìí Le Fún? Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ Tógò ní Agbègbè Kamina àti Ọ̀rọ̀ Ìdánwò GRE

Àṣamọ̀

Àwọn ìwé tí a fi ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò GRE máa ń to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó le. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ìdí tí irú ìtò bẹ́ẹ̀ kò fi bá akẹ́kọ̀ọ́ mu tó bá ń sọ Ifẹ̀ nílé, tó sì fi èdè Faransé kàwé. A pín àwọn ọ̀rọ̀ náà sí ìsọ̀rí mẹ́ta: èyí tí Faransé ń là sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí Faransé fi ń tàn án jẹ, àti èyí tí Faransé kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Lẹ́yìn náà a fi hàn pé ìhun ọ̀rọ̀ nínú èdè abínibí lè ran ìkọ́ni lọ́wọ́, a sì dábàá ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbà lo àkókò rẹ̀ dáadáa.

1. Ìfáárà

Kamina kò jìnnà sí Atakpamé, ìlú tó wà ní nǹkan bíi 160 kìlómítà sí àríwá Lomé. Ìtàn mọ Kamina nítorí ilé iṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì tí ilé-iṣẹ́ Telefunken kọ́ síbẹ̀ fún ìjọba Jámánì. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá Nauen, lẹ́bàá Berlin, sọ̀rọ̀, ibi tó lé ní 5,000 kìlómítà síbẹ̀. Àwọn Jámánì fúnra wọn ló ba ilé iṣẹ́ náà jẹ́ ní òru ọjọ́ 24 mọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1914, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ń bọ̀. Ní ọjọ́ 26 wọ́n túúbá. Nígbà tó yá, agbègbè yìí bọ́ sọ́wọ́ Faransé, èdè Faransé sì di èdè ilé-ìwé títí di òní.

Ìtàn yìí kan ọ̀rọ̀ wa ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó dàgbà ní agbègbè Atakpamé lè máa sọ Ifẹ̀ nílé, èdè tí àwọn kan ń pè ní Ana, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kà mọ́ àwọn èdè tó bá Yorùbá tan. Ó lè gbọ́ Ewé lọ́jà. Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọ láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé yunifásítì. Ní ilé-ìwé girama, Gẹ̀ẹ́sì di ọ̀kan nínú iṣẹ́ tó ń kọ́, ó sì tún lè yan Jámánì tàbí Spanish nígbà tó bá dé lycée. Bí irú akẹ́kọ̀ọ́ yìí bá fẹ́ lọ gba oyè kejì tàbí ìkẹta ní Amẹ́ríkà, àwọn ẹ̀ka kan níbẹ̀ ti yọ GRE kúrò, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ṣì ń béèrè fún un. Owó ìdánwò náà lé ní 200 dọ́là, èyí kì í sì í ṣe owó kékeré fún ọmọ àgbẹ̀ tàbí ọmọ olùkọ́. Bó bá kùnà nítorí pé ó kó oṣù mẹ́fà lé orí ọ̀rọ̀ tí kò yẹ, àdánù rẹ̀ pọ̀.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni pé: nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ tí àwọn ìwé ìmúrasílẹ̀ ń tò kalẹ̀, èwo ló le fún akẹ́kọ̀ọ́ yìí gan-an, kí sì ni ìdí rẹ̀?

2. Ohun tí ìdánwò náà ń béèrè

Ilé-iṣẹ́ ETS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1947, ló ń ṣe ìdánwò GRE. Títí di ọdún 2011, ìdánwò náà máa ń béèrè òdìkejì ọ̀rọ̀ ní tààrà, ó sì máa ń béèrè pé ọ̀rọ̀ wo ló bá ọ̀rọ̀ wo mu. Ẹni tó bá há ìwé atúmọ̀ èdè sórí lè rí máàkì kó nígbà náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011 wọ́n yọ oríṣi ìbéèrè méjèèjì yìí kúrò. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 wọ́n tún dín gígùn ìdánwò náà kù. Lónìí, apá ti èdè ní ìbéèrè 27, tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe láàrin ìṣẹ́jú 41, máàkì rẹ̀ sì wà láàrin 130 àti 170.

Nǹkan bí ìdajì ìbéèrè wọ̀nyí jẹ́ ti ìkàwé-lóye. Ìyókù ló kan ọ̀rọ̀ gan-an, ó sì pín sí oríṣi méjì. Nínú àkọ́kọ́, a ó fi àlàfo kan sí mẹ́ta sílẹ̀ nínú gbólóhùn tàbí ìpínrọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì yan ọ̀rọ̀ tó yẹ. Nínú èkejì, àlàfo kan ni, ọ̀rọ̀ mẹ́fà wà nísàlẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò yan méjì tí yóò jẹ́ kí gbólóhùn méjèèjì ní ìtumọ̀ kan náà. Ẹni tó bá gba ọ̀kan nínú méjì kò ní máàkì kankan. Wo àpẹẹrẹ tí a ṣe fúnra wa yìí:

(1) Although the chief was usually ______, that day he spoke for two hours.

Ọ̀rọ̀ "although", tí Yorùbá ń pè ní "bó tilẹ̀ jẹ́ pé", ló gbé ìdáhùn lọ́wọ́. Ẹni tó sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì lọ́jọ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ní ìgbà tó kù. "Taciturn" àti "reticent" ni ìdáhùn. Nítorí náà, ohun méjì ni ìdánwò ń dán wò pọ̀: bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ka ìhun gbólóhùn àti bí ó ṣe mọ ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí a mọ̀ láàbọ̀ léwu nínú irú ìbéèrè yìí ju ọ̀rọ̀ tí a kò mọ̀ rárá lọ, torí a kì í ṣọ́ra fún ohun tí a rò pé a mọ̀.

3. Ìsọ̀rí mẹ́ta

Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Àwọn tó ń ṣe ìwé ìmúrasílẹ̀ máa ń fi bí ọ̀rọ̀ ṣe wọ́pọ̀ tó lẹ́nu àwọn Amẹ́ríkà ṣe òṣùwọ̀n ìṣòro rẹ̀. Bí òṣùwọ̀n náà ṣe rí lójú akẹ́kọ̀ọ́ tó fi Faransé kàwé ni a fẹ́ wò báyìí. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a mú wá jẹ́ àpẹẹrẹ tí a ṣà láti fi ṣàlàyé. A kò kà wọ́n láti fi wọ́n ìdá tí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan kó.

3.1 Ọ̀rọ̀ tí Faransé là sílẹ̀

Láti ọdún 1066 tí àwọn ará Normandy ti ṣẹ́gun England ni ọ̀rọ̀ Faransé ti ń rọ́ wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé tún yá ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti inú Látìn ní tààrà, pàápàá ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún àti ìkẹtàdínlógún. Látìn kan náà ni ìyá Faransé. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó ṣọ̀wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì fi jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọmọ lycée ń bá pàdé nínú ìwé Faransé. Ìyàtọ̀ ìrísí wọn sì tẹ̀lé òfin àfòmọ́ ìparí:

(2) a. -ace di -acious: loquace, loquacious, tenace, tenacious, sagace, sagacious, perspicace, perspicacious
b. -ique di -ic: laconique, laconic
c. -eux di -ous: obséquieux, obsequious
d. -er di -ate: corroborer, corroborate, exacerber, exacerbate, atténuer, attenuate, élucider, elucidate

Ẹ jẹ́ kí a fi akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kan ní Ìbàdàn wé ti Kamina. Gẹ̀ẹ́sì ni ti Ìbàdàn fi kàwé, síbẹ̀ "perspicacious" lè ṣàjèjì sí i pátápátá. Ti Kamina ti mọ "perspicace" tẹ́lẹ̀. Àfòmọ́ nìkan ló kù tí yóò yí padà. Ẹni tó bá kọ́ òfin mẹ́rin tó wà lókè yìí dáadáa lè rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọ̀rọ̀ kó láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Òwe ìnáwó ni: ibi tí ohun èlò ti wà nílẹ̀, kò yẹ kí a tún lọ máa rà á.

3.2 Ọ̀rọ̀ tí Faransé fi ń tan ni

Àwọn Faransé ní orúkọ fún irú ọ̀rọ̀ yìí; ọ̀rẹ́ èké ni wọ́n ń pè é. Ìrísí wọn jọra, ìpilẹ̀ wọn sì sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ti yà. Àwọn ìwé kíláàsì máa ń kìlọ̀ nípa àwọn tó wọ́pọ̀, bí "actual" àti "sensible". Àwọn tó wà nínú GRE kì í sábà sí lára ìkìlọ̀ náà:

(3) a. fastidious: ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí nǹkan kì í tètè tẹ́ lọ́rùn, tó ń yẹ ohun gbogbo wò fínnífínní; fastidieux ní Faransé, ohun tó ń súni
b. versatile: ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó mọ oríṣiríṣi iṣẹ́ ṣe, ní Faransé, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í dúró sójú kan
c. candid: ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ń sọ òtítọ́ inú rẹ̀ láìfi bò, candide ní Faransé, ẹni tí kò gbọ́n sáyé
d. ingenuity: ní Gẹ̀ẹ́sì, ọgbọ́n àtinúdá, ingénuité ní Faransé, àìlẹ́tàn bíi ti ọmọdé
e. enervate: ní Gẹ̀ẹ́sì, láti sọ ènìyàn di aláìlágbára, énerver ní Faransé òde òní, láti bí ènìyàn nínú
ẹ. truculent: ní Gẹ̀ẹ́sì, oníjàgídíjàgan, ní Faransé, ẹni tó lárinrin, tí ìṣe rẹ̀ ń pa ni lẹ́rìn-ín
f. deception: ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀tàn; déception ní Faransé, ìjákulẹ̀

Ó yẹ kí a wo bí ìyapa yìí ṣe ṣẹlẹ̀, torí ẹni tó bá mọ ìdí kì í tètè gbàgbé. "Fastidious" wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tó ń tọ́ka sí ìríra. Bí ìríra bá wà, ẹnì kan wà tí nǹkan ń rí lára, ohun kan sì wà tó ń rí i lára. Gẹ̀ẹ́sì òde òní dúró lọ́dọ̀ ẹni náà. Faransé dúró lọ́dọ̀ ohun náà. Ní ti "enervate", Látìn ń sọ nípa yíyọ iṣan kúrò lára ènìyàn. Nígbà kan rí, Faransé náà lo "énerver" fún sísọ ènìyàn di aláìlágbára. Òun ló yí padà, Gẹ̀ẹ́sì kò kúrò níbi tó wà. "Versatile" ń sọ nípa ohun tó ń yí: ọwọ́ tó ń yí láti iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn dára, ọkàn tó ń yí kò dára. Ìyàtọ̀ láàrin ìyìn àti àbùkù nìyẹn, òun gan-an sì ni ìbéèrè GRE sábà máa ń dúró lé.

Ẹ kíyè sí i pé "énerver" di "enervate" gẹ́gẹ́ bí òfin (2d) ṣe wí. Òfin náà kò ṣìnà nípa ìrísí. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìgboyà tí kò ní ìdí. Ẹ wo gbólóhùn yìí:

(4) The editor was so fastidious that not one comma escaped her.

Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ náà bíi Faransé yóò rò pé olóòtú náà ń súni ni, yóò sì yan ọ̀rọ̀ bíi "tedious" pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Kò ní padà yẹ̀ ẹ́ wò. Ìsọ̀rí yìí kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n òun ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ Tógò fi ìṣọ́ra tó pọ̀ jù lọ kọ́.

3.3 Ọ̀rọ̀ tí Faransé kò mọ̀

Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ wá láti inú ẹbí èdè Germanic, ó sì ní àwọn ọ̀rọ̀ kúkúrú tí kò bá Faransé tan rárá: "shun", láti yẹra fún, "quell", láti tẹ nǹkan rì, "dearth", ọ̀wọ́n, "gainsay", láti ta ko ọ̀rọ̀, "wary", ẹni tó ń ṣọ́ra, "bolster", láti gbé ró, "callow", ẹni tí kò tíì gbó, tí ojú rẹ̀ kò tíì là sáyé. Ìwé ìmúrasílẹ̀ sábà máa ń fi "shun" àti "wary" sí apá tó rọrùn. Akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn lè ti gbọ́ "shun" nínú ìwàásù. Akẹ́kọ̀ọ́ Kamina tó mọ "perspicacious" kò ní ibì kankan tí yóò ti fa "shun" yọ.

Ibí yìí ni ìtàn ti padà wọlé. Ọ̀pọ̀ lycée ní Tógò ń kọ́ Jámánì, ẹni tó bá sì yàn án ní ìrànlọ́wọ́ tí kò fura sí:

(5) a. gainsay: "gegen", òdì sí, àti "sagen", láti sọ
b. dearth: "teuer", ọ̀wọ́n, ohun tó bá ṣọ̀wọ́n a máa wọ́n
c. bolster: "Polster", tìmùtìmù, ohun tí a fi ń gbé ara ró
d. callow: "kahl", apárí tàbí aláìníyẹ̀ẹ́, ọmọ ẹyẹ tí kò tíì hu ìyẹ́
e. quell: "quälen", láti dá ènìyàn lóró; ìpilẹ̀ kan náà, ìtumọ̀ ti yà

Ẹni tó yan Spanish kò ní èyí. Ìrànlọ́wọ́ tó rí lọ́dọ̀ Spanish bọ́ sórí ohun tí Faransé ti fún un tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó jókòó pọ̀ ní kíláàsì kan náà ní Atakpamé kò nílò àtòjọ ọ̀rọ̀ kan náà.

4. Ipa èdè abínibí

Nínú gbogbo èyí, ó lè dà bíi pé Ifẹ̀ tàbí Yorùbá kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ gbà bẹ́ẹ̀. Èrò tiwa yàtọ̀. Bí a bá túmọ̀ "fastidious" sí Faransé, a ti gbé akẹ́kọ̀ọ́ padà sínú èdè tó ń tàn án jẹ. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí èdè ilé, ìdẹkùn náà kò sí níbẹ̀, torí kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú Ifẹ̀ tàbí Yorùbá tó fi ìrísí jọ ọ́. Àwọn àpẹẹrẹ Yorùbá ni a ó lò nísàlẹ̀. Ẹni tó ń sọ Ifẹ̀ yóò fi tirẹ̀ rọ́pò wọn.

Àkọ́kọ́ ni ìhun ọ̀rọ̀. Yorùbá ní àkànpọ̀ oní- àti àì- pẹ̀lú ṣeé, tó ń fún wa ní "aláìṣeé-". Ó bá in- àti -able mu ní ìhun àti ní ìtumọ̀:

(6) a. ineffable: aláìṣeéfẹnusọ
b. implacable: aláìṣeétùlójú
c. invaluable: aláìṣeédíyelé

Èyí tó kẹ́yìn wúlò púpọ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò pé "invaluable" túmọ̀ sí ohun tí kò níye lórí. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò lè díyelé, gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀ pé ó ju iye lọ ni.

Ìkejì ni àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ẹ̀yà ara àti ọkàn kọ́. Yorùbá ń fi inú, ọkàn, àyà àti ojú sọ ìwà: inúure, ìfọ̀kànbalẹ̀, àyà líle, ojúkòkòrò. Látìn ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú "animus", ọkàn. "Unanimous" ni ọkàn kan. "Equanimity" ni ọkàn tó tẹ́jú, ìfọ̀kànbalẹ̀. "Magnanimous" ni ọkàn ńlá, ẹni tí kì í di kùnrùngbùn. "Pusillanimous" ni ọkàn kín-ń-kín, ojo. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá fi hàn pé iṣẹ́ tí inú ń ṣe nínú èdè rẹ̀ ni "animus" ń ṣe níbẹ̀ kò ní láti há ọ̀rọ̀ mẹ́rin sórí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìkẹta ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin àwọn ọ̀rọ̀ tó súnmọ́ra. "Laconic", "taciturn", "loquacious", "prolix" àti "glib" gbogbo wọn ló ń sọ nípa ọ̀rọ̀ sísọ. Yorùbá ń yà wọ́n sọ́tọ̀ láìṣòro: asọ̀rọ̀-kúkúrú, adákẹ́, aláròyé, ẹni tí ń fa ọ̀rọ̀ gùn, àti ẹlẹ́nu dídùn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní gbòǹgbò. Èyí tó jẹ́ ìyìn àti èyí tó jẹ́ àbùkù á hàn kedere.

5. Bí a ṣe lè kọ́ ọ

Ohun tí ìwádìí ti fi hàn nípa ìrántí kò pọ̀ jù láti sọ ní ṣókí. Ní ọdún 1885, Hermann Ebbinghaus fi hàn pé ohun tí a kọ́ máa ń yára sá kúrò lórí, àti pé àtúnkọ́ tí a fi àyè sí láàrin dára ju àkọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ. Ní ọdún 2006, Roediger àti Karpicke rí i pé àwọn tó ń tún ìwé kà ṣe dáadáa lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan àwọn tó dán ara wọn wò ló rántí jù. Nítorí náà, kíka àtòjọ lókè lókè títí ilẹ̀ yóò fi ṣú kò wúlò tó bí ó ṣe rí lójú ẹni tó ń ṣe é.

Ọ̀nà tí Sebastian Leitner gbé kalẹ̀ ní ọdún 1972 pa méjèèjì pọ̀, kò sì béèrè iná mànàmáná tàbí íntánẹ́ẹ̀tì. A ó kọ ọ̀rọ̀ sórí káàdì, a ó sì pín àpótí sí ìyẹ̀wù. Ìyẹ̀wù àkọ́kọ́ ni à ń yẹ̀ wò lójoojúmọ́, ìkejì ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, ìkẹta lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Káàdì tí a bá gbà á sún síwájú. Èyí tí a bá kùnà padà sí àkọ́kọ́. Fún akẹ́kọ̀ọ́ Kamina, a dábàá àtúnṣe mẹ́ta sí i.

Ìkíní, kí káàdì ní àwọ̀ mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ìsọ̀rí mẹ́ta òkè yìí. Ti àkọ́kọ́ lè tètè sún síwájú. Ti ìkejì gbọ́dọ̀ pẹ́ nínú àpótí bó ti wù kó rọrùn tó lójú. Ìkejì, kí iwájú káàdì jẹ́ gbólóhùn tó ní àlàfo, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, torí bẹ́ẹ̀ ni ìdánwò ṣe ń béèrè. Ìkẹta, kí ẹ̀yìn káàdì ní ìtumọ̀ ní èdè ilé, kí ọ̀rọ̀ Faransé tó jọ ọ́ sì wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́". Fún ìsọ̀rí kẹta, ẹni tí kò kọ́ Jámánì lè lo ọ̀nà tí Atkinson àti Raugh dán wò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà ní ọdún 1975: kí ó wá ọ̀rọ̀ nínú èdè tirẹ̀ tí ìró rẹ̀ súnmọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, kí ó sì fi àwòrán inú ọkàn so méjèèjì pọ̀.

Kí a tó dé orí GRE rárá, ó yẹ kí a ti mọ àtòjọ ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ gíga tí Averil Coxhead gbé jáde ní ọdún 2000. Ẹbí ọ̀rọ̀ 570 ni, ó sì kó nǹkan bíi 10 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ inú ìwé ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti inú Látìn, nítorí náà kò ní gba akẹ́kọ̀ọ́ yìí ní àkókò púpọ̀.

6. Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn pé ìṣòro ọ̀rọ̀ kò sí lára ọ̀rọ̀ nìkan. Ó wà láàrin ọ̀rọ̀ àti èdè tí akẹ́kọ̀ọ́ gbé wá. Fún ẹni tó ń sọ Ifẹ̀, tó sì fi Faransé kàwé, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ gígùn tí àtòjọ pè ní líle rọrùn, ọ̀rọ̀ kúkúrú tí wọ́n pè ní rírọrùn le, àwọn kan tó jọ ojúlùmọ̀ sì ń tan ni. Èdè ilé, tí ilé-ìwé kò fi ṣe nǹkan kan, ló tún jẹ́ ibi tí ìtumọ̀ ti lè dúró láìsí ìdàrúdàpọ̀.

Iṣẹ́ ṣì kù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ẹnì kan lè ka ọ̀rọ̀ inú ìwé ìmúrasílẹ̀ kan tán, kí ó pín wọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta yìí láti mọ iye tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹlòmíràn lè fi àwọn tó kọ́ Jámánì wé àwọn tó kọ́ Spanish ní Atakpamé. Èyí tó sì jẹ wá lógún jù ni kí ẹni tó gbọ́ Ifẹ̀ dáadáa kọ ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ (3) sílẹ̀ ní èdè náà, kí ọmọ Kamina tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò yìí lè bá wọn nínú ìwé.